Mo Fi Ìwé Màmá Alákijà Pamọ́

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á dé ìparí kí ẹ tó bú mi. Ó ti pẹ́ tí ọ̀rọ̀ yìí ti ń jẹ mí nínú, n ò lè sọ ọ́ fún ìyàwó mi pàápàá. Ohun tí màmá kan gbé lé mi lọ́wọ́ ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni kò jẹ́ kí n lè dákẹ́ mọ́.

Ṣọ́ọ̀bù ìwé kékeré kan ní Festac ni mo ti ń ṣiṣẹ́, nínú gáréèjì ilé ọ̀gá mi. Ọ̀gá mi ní ìṣe tirẹ̀: kì í ta ìwé fún ẹni tí kò bá kọ́kọ́ ka ojú ewé kan sókè kí gbogbo wa gbọ́. Àwọn kan á bínú lọ, àwọn mìíràn ò ní fẹ́ lọ mọ́. Èmi náà ń kọ̀wé. Mo ti tẹ ọ̀kan jáde, ó wà lórí pẹpẹ níbẹ̀, eruku nìkan ni oníbàárà rẹ̀.

Ìgbà yẹn ni Màmá Alákijà dé. Agbẹ̀bí tó ti fẹ̀yìn tì ni wọ́n. Wọ́n kọ ìtàn àwọn ọmọ tí wọ́n gbẹ̀bí wọn sínú ìwé, wọ́n sì gbé páálí kan wá pé ká bá wọn tà á. Ọjọ́ tí oníbàárà kan kọ́kọ́ kà á sókè, àwọn tó wá ra káàdì ìpè lásán jókòó. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí, ẹnì kan sì nu ojú. Tí wọ́n bá ń ka tèmi, ọ̀gá mi gan-an máa ń yán.

Ìlara ni, n ò ní pè é lórúkọ mìíràn. Lọ́jọ́ tí ọ̀gá mi lọ ra ọjà ní Trade Fair, mo gbé páálí náà sẹ́yìn, mo fi ìwé ìdánwò àtijọ́ bò ó. Mo sọ fún ọ̀gá mi pé Màmá ti wá kó ìwé wọn. Àwọn tó ń béèrè, mo ní ó ti tán.

Màmá máa ń wá láàárọ̀, tí ọ̀gá mi ò sí níbẹ̀.

"Ṣé wọ́n ti ń béèrè ẹ̀, ọmọ mi?"

"Wọn ò béèrè ẹ̀ o, Mà. A ti kó o sẹ́yìn, kò tà. Ẹ má bínú."

Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ẹ gbọ́, wọ́n dúpẹ́ pé mo sọ òótọ́ fún àgbà.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, wọ́n gbé ìdì bébà funfun kan wá, wọn ò tíì tú u. Wọ́n ti rà á sílẹ̀ fún ìwé wọn kejì.

"Mi ò kọ ọ́ mọ́," ni wọ́n wí. "Ìwọ ló ń kọ̀wé, gbà á. Tí wọn ò bá tiẹ̀ ra tìẹ, má dáwọ́ dúró bíi tèmi."

Wọ́n wá ra ìwé mi kan. Wọ́n ka ojú ewé kan sókè bí òfin ṣọ́ọ̀bù wa. Wọn ò yán.

Ojú tì mí débi pé n ò lè wò wọ́n. Àwọn àgbà ní ẹni tó bá dalẹ̀ á bá ilẹ̀ lọ, ẹ̀rù rẹ̀ sì ń bà mí. Tí mo bá jẹ́wọ́, iṣẹ́ á bọ́ lọ́wọ́ mi. Tí mo bá dákẹ́, Màmá ò ní kọ̀wé mọ́ láyé.

Ẹ jọ̀ọ́, báwo ni mo ṣe máa bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà fún wọn? Mo ti gbìyànjú láti kọ ọ́ sí wọn, mo sì fà á ya. Bébà tí mo fi ń kọ èyí sí yín, inú ìdì Màmá ni mo ti yọ ọ́.