Bàbá Ọkọ Ìyàwó Kò Tíì Kú

Ẹ̀gbọ́n mi Ràsáàkì, ẹ jókòó. Ramlah, ìwọ náà sún mọ́ ibí. Dókítà ní òun máa ṣe iṣẹ́ abẹ ìpá yìí fún mi lọ́la, mi ò sì fẹ́ kí wọ́n la ikùn mi kí wọ́n bá irọ́ níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó Sátidé yìí ni. Nígbà tí Samsudeen ará Ìgànná wá tọrọ Ramlah ọmọ yín, èmi Mojeed, tíṣà Yorùbá, àbúrò yín, lẹ rán pé kí n lọ wádìí ìwà rẹ̀, bí a ti máa ń ṣe kí a tó fi ọmọ wa fún ẹni tí a ò mọ̀. Mo dé ibùdókọ̀ lóòótọ́. Mo ro erùpẹ̀ pupa ọ̀nà Ìgànná, mo wo bùbá funfun tó wà lọ́rùn mi, ọ̀lẹ sì kì mí mọ́lẹ̀. Mo jókòó ti ìyá oníwàrà kan, mo ń jẹ wàrà, mo ń máàkì ìdánwò àwọn ọmọ kíláàsì mi. Wàrà yẹn náà, owó ọ̀kadà tí ẹ fún mi ni mo fi rà á. Ìbéèrè ìdánwò ọ̀hún ni pé kí wọ́n ṣàlàyé ìwà ọ̀dọ́mọkùnrin tó jẹ́ olú ẹ̀dá-ìtàn nínú ìwé àtijọ́ kan tí à ń kà. Kí oòrùn tó wọ̀, ìwà ọmọ náà ti há sí mi lórí.

Nígbà tí mo délé tí ẹ bi mí, ẹnu mi yá ju ọkàn mi lọ. Mo ní Samsudeen láyà, ó ní sùúrù, kì í purọ́, bó bá sì ṣèlérí, dandan ni kó mú un ṣẹ. Ẹ yìn mí pé mo wádìí dáadáa. Ìyìn náà dùn mọ́ mi, mo bá tún fi kún un. Ẹkùn tí ọmọ inú ìwé bá jà nìkan ni mo dín kù, mo sọ ọ́ di ajá dìgbòlugi. Mo wá ní bàbá rẹ̀ ti kú, òun nìkan ló tọ́ ara rẹ̀. Ibẹ̀ lomi ti bọ́ lójú yín. Ẹ ní, “Ọmọ òrukàn tó níwà báyìí, èmi ni màá ṣe bàbá fún un.”

Ọjọ́ ìtọrọ pé, Ọ̀ṣẹ́nì, bàbá Samsudeen, sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò, ojú òun àti ọmọ rẹ̀ ò sì yàtọ̀. Ẹ fà mí lọ sẹ́yìnkùlé, ẹ bi mí pé ta nìyẹn. Ìgbà yẹn ló yẹ kí n jẹ́wọ́. Àmọ́ èmi aláìnítìjú, mo ní àbúrò olóògbé ni, mo tún ní kí ẹ má ṣe dá ọ̀rọ̀ ikú sílẹ̀ níṣojú rẹ̀, ọgbẹ́ náà kò tíì jinná. Ẹ̀yin aláàánú wá rọra ní kí àfáà rántí bàbá wọn tó ti ṣaláìsí nínú àdúrà. Gbogbo wa tẹ́wọ́. Àfáà ní kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere, Ọ̀ṣẹ́nì ló sì ṣe àmín tó le jù. Ó rò pé bàbá tòun ni wọ́n ń ṣàdúrà fún, ó tiẹ̀ tún dúpẹ́. Èmi náà ṣe àmín. Mo bá wọn sin alààyè, mo sì jẹ ìrẹsì lẹ́yìn rẹ̀.

Ní Sátidé, ìmáàmù á kéde níbi nìkáà pé ọmọ olóògbé ni ọkọ ìyàwó, ẹ̀yin lẹ sọ fún un bẹ́ẹ̀. Ọ̀ṣẹ́nì á sì wà ní ìlà iwájú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tètè ránṣẹ́ sí ìmáàmù.

Ramlah, ìwọ ni mo ṣẹ̀ jù. Lánàá tí ò ń fún mi ní ẹ̀kọ mu, o ní, “Bọ̀dá, irọ́ ni mo tìtorí rẹ̀ kọ àwọn tó wá ṣáájú. Nítorí ẹ ní eléyìí kì í purọ́ ni mo ṣe gbà.” Inú ìwé ni ìwà tí o fẹ́ràn yẹn wà. Èmi ò mọ̀ bóyá Samsudeen ń purọ́. Ẹni tí wọ́n rán lọ wádìí ni mo mọ̀ pé ó ń purọ́. Ọ̀la ṣì wà. Ìwọ àti bàbá rẹ, ẹ lọ sí Ìgànná, kí ẹ bi àwọn aládùúgbò wọn. Bí ohun tí o gbọ́ ò bá tẹ́ ọ lọ́rùn, sọ pé o ò ṣe mọ́, kí wọ́n di ẹ̀bi rẹ̀ rù mí. Foríjì mí, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi.