Ojú Ọmọ Mi Kì í Ṣe Ohun Ìṣeré

Mo lù ú! Ọ̀gá ọlọ́pàá, ẹ má wulẹ̀ bi mí lẹ́ẹ̀mejì, mo lù ú, irin tí wọ́n gbé máìkì lé ni mo fi là á lẹ́nu, eyín méjì sì bọ́ sílẹ̀ níwájú gbogbo akẹ́kọ̀ọ́. Ká ní wọn ò tètè dì mí mú ni, òkú ẹ̀ lẹ̀ bá wá gbé! Kí lẹ wí? Kí n jókòó? Ta ni inú ń bí tó ń jókòó?

Ẹ wò ó, aránṣọ ni mí, abẹ́rẹ́ ni mo fi ń jẹun, mi ò bá ẹnikẹ́ni jà rí. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí mo bí, ọdún méje ló lò láyé tí ibà fi gbé e lọ. Bàbá mi, tó jẹ́ agbẹ́gilére, wọ ìsọ̀ ẹ̀, ó tilẹ̀kùn mọ́rí fún ọjọ́ mẹ́sàn-án, ó gbẹ́ ojú ọmọ náà sára igi. Àpá kékeré tó wà lókè ojú òsì ẹ̀, níbi tó ti forí gbá tábìlì mi, bàbá mi gbẹ́ ẹ síbẹ̀! Lọ́dọọdún, lọ́jọ́ tó kú, a ó fi òróró nu ère yẹn, a ó pe orúkọ ẹ̀, a ó sunkún, ó parí. Ṣé ẹ̀ṣẹ̀ nìyẹn?

Ni Oníbéèrè bá dé. Bẹ́ẹ̀ là ń pè é, olùkọ́ yunifásítì tó ń kọ̀wé nípa àṣà àwọn èèyàn. Yàrá ẹ̀yìn wa ló gbé fún ọdún méjì gbáko, ó ń jẹ oúnjẹ mi, ó ń pè mí ní ẹ̀gbọ́n. Á ní, kí ló dé tẹ́ ẹ fi ń fi òróró nù ún? Ta ló ń kọ́kọ́ fọwọ́ kàn án? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún ẹkún yẹn sun, mi ò tíì kọ ọ́ tán! Háà! Ó ní ká yá òun ní ère náà lọ́sẹ̀ kan péré, òun fẹ́ yà á ní fọ́tò. Bàbá mi gbé e fún un. Ọdún mẹ́fà, ọ̀gá, kò dá a padà! Ọ̀nà ni bàbá mi ń wò títí tó fi pajú dé.

Ẹ jẹ́ kí n mí ná.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo lọ ra òwú. Nínú ṣọ́ọ̀bù tó kángun sí ti olówùú, mo rí ojú ọmọ mi. Ojú ọmọ mi, ọ̀gá! Ìbòjú rọ́bà táwọn ọmọdé fi ń ṣeré! Wọ́n fi okùn sín wọn kọ́ sára ògiri bí ẹja gbígbẹ, pupa, aláwọ̀ ewé, àpá yẹn sì wà lókè ojú òsì gbogbo wọn! Ẹ̀yìn páálí tí wọ́n so mọ́ ọn ni mo ti kà á pé inú ilé kan lókè òkun tí wọ́n ń kó ohun àtijọ́ sí ni ère tí wọ́n wò ṣe é wà, Oníbéèrè ló gbé e fún wọn. Ọmọ kan dé ojú yẹn níbẹ̀, ó yọ ahọ́n sí mi láti ẹnu ọmọ mi!

Mo gbọ́ pé Oníbéèrè ń bọ̀ wá sọ̀rọ̀ ní yunifásítì, mo lọ. Jẹ́jẹ́ ni mo jókòó sẹ́yìn. Ó ṣíwèé, ó ní ìdílé wa gbàgbọ́ pé inú igi ni ẹ̀mí ọmọ náà ń gbé. Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún un? Irọ́ burúkú! Àárò ọmọ ló ń sọ wá! Mo dìde, mo ní, "Àbúrò, ère bàbá mi dà?" Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ fara balẹ̀. Àṣà kì í ṣe ti ẹnì kan, gbogbo ayé ló ni ín."

Gbogbo ayé! Ṣé gbogbo ayé ló bá mi rọbí? Ṣé gbogbo ayé ló gbé e sínú pósí? Mo rìn lọ bá a lórí pèpéle, mo fa irin yẹn yọ, mo sì là á! Ó dùn mọ́ mi! Kó má fẹnu yẹn jẹun ayọ̀ mọ́! Kí ọmọ tiẹ̀ náà... rárá. Mi ò ní ṣépè fún ọmọ ẹ̀. Ọmọ ò mọwọ́, kò mẹsẹ̀.

Kí lẹ̀ ń kọ yẹn? Ẹ kà á kí n gbọ́. "Orí ẹ̀ dàrú"? Orí ta ló dàrú? Mo mọ̀ pé ẹ fẹ́ ràn mí lọ́wọ́ ni, kí adájọ́ lè fojú àánú wò mí, ẹ ṣeun, àmọ́ ẹ pa á rẹ́! Ẹnì kan ti kọ ohun tí mi ò sọ sínú ìwé, ẹ̀yin náà ò gbọdọ̀ ṣe é sí mi. Ẹ kọ ọ́ bí mo ṣe ń wí i: orí mi pé, ojú mi là, mo mọ̀ọ́mọ̀ lù ú ni, ère ọmọ mi ni mo sì ń bèèrè. Ẹ gbé bírò yẹn wá kí n fọwọ́ sí i.