Ọjọ́ Tí Èmi Nìkan Gun Òkè Olókùúta

Nígbà tí orúnkún mi ṣì ń gbọ́ràn sí mi lẹ́nu, ní Ṣakí lọ́hùn-ún, orí òkè la ti ń ṣẹ́gi ìdáná... Khadijah, jókòó. Bọ́ bàtà yẹn ná. O ní ìwọ nìkan lo fẹ́ lọ gun òkè lọ́jọ́ Sátidé? Ó dáa. Jẹ́ kí n sọ tèmi fún ẹ, lẹ́yìn náà kó o máa lọ.

Láyé ìgbà yẹn, a kì í dín ní mẹ́rin tá a bá ń lọ sórí òkè. Ìyá àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, kì í gbà. Wọ́n á ní, "Ìwọ nìkan kẹ̀? Tó o bá ṣubú, ta ló máa wá sọ fún mi? Ṣé igi tó o ṣẹ́ ni?" Kí Ọlọ́run kẹ́ wọn. A máa ń fi wọ́n rẹ́rìn-ín ni. Ẹ̀yin ọmọ òde òní ńkọ́? Ẹ̀yin nìkan lẹ ń jẹun, ẹ̀yin nìkan lẹ ń rìn... ẹ̀yin náà lẹ tún ń ya fọ́tò ara yín.

Gbọ́. Ọdún tí mo kọ́kọ́ dé Calgary ní Kánádà níbí ni. Mùrí bàbá rẹ kó gbogbo wa lọ síbi àwọn òkè ńlá yẹn. Summer ni, ìwọ ṣì wà ní daycare. Wọ́n dáná lẹ́gbẹ̀ẹ́ parking lot, Mùrí ń yan ẹran, ìyá rẹ ń bẹ̀ ẹ́ pé kó o wọ bàtà. Mo wá rí àwọn òyìnbó tí wọ́n ń gòkè, ọ̀pá méjì-méjì lọ́wọ́ wọn. Arúgbó ni púpọ̀ nínú wọn. Mo ní, òkè yìí náà ni? Èmi ọmọ Ṣakí?

Mi ò sọ fún ẹnì kankan. Fóònù mi wà nínú báàgì, báàgì wà nínú mọ́tò. Ìró àti bùbá ni mo wọ̀, pẹ̀lú sálúbàtà. Mo ní kí n kàn na ẹsẹ̀ díẹ̀.

Ọ̀nà náà dáa níbẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ń yí síbí, ó ń yí sọ́hùn-ún, bí ẹni tí kò fẹ́ débì kan. Mo ní àwọn èèyàn yìí ò mọ ọ̀nà àbùjá. Bí mo ṣe yà kúrò lójú ọ̀nà nìyẹn. Òkúta wẹ́wẹ́ ló kún ibẹ̀, mo ń fọwọ́ fẹsẹ̀ gùn ún, inú mi ń dùn. Ìgbà tí mo wá ní kí n máa sọ̀ kalẹ̀... hmm. Mo gbé ẹsẹ̀ kan, òkúta yọ̀, ó ń yí lọ, ó ń yí lọ, mi ò gbọ́ ìgbà tó dúró. Sálúbàtà mi kan bá a lọ.

Mo jókòó, mo dì mọ́ òkúta ńlá kan. Mò ń wo Mùrí nísàlẹ̀, ó kéré bí èèrà, ó ń yí ẹran. Mo pè é títí, atẹ́gùn ń gbé ohùn mi lọ síbòmíràn. Ìkùukùu bá bo oòrùn, ni yìnyín bá bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́. Nínú summer o. Ṣé o rí ilẹ̀ yìí? Mo ka gbogbo àdúrà tí mo mọ̀, nígbà tó yá, mo ti ń ka èyí tí a máa ń ṣe ká tó jẹun.

Ni mo bá gbọ́ tí nǹkan ń rìn lókè orí mi. Mo ní bear ti dé, ó ti parí. Mo rọra gbójú sókè. Àgbò ni. Ìwo rẹ̀ ká kọ́rọkọ̀rọ, àyà rẹ̀ fẹ̀. Iléyá ló kọ́kọ́ sọ sí mi lọ́kàn, mi ò ní purọ́. Ó ń wò mí, èmi náà ń wò ó. Mo ní, "Ẹ má bínú, sà." Ó yíjú padà, ó fò lọ, òkúta tó fẹsẹ̀ ta gba ẹ̀gbẹ́ etí mi kọjá, fìì. Díẹ̀ ló kù kó fọ́ mi lórí. Ìgbà yẹn ni mo bú sẹ́kún.

Ẹkún yẹn ni tọkọtaya arúgbó kan gbọ́ bí wọ́n ṣe ń kọjá lójú ọ̀nà. Bàbá náà ní, "Are you alone?" Mo ní, "No, sir. My family is there." Mo nawọ́ sísàlẹ̀. Ó wo ibẹ̀ títí. Ìyàwó rẹ̀ ló gòkè wá bá mi, ó ní kí n jókòó, kí n máa fi ìdí wọ́, ó ń fi ọ̀pá tọ́ka ibi tí màá gbé ẹsẹ̀ lé. Ìdí ni mo fi wọ́ dé ojú ọ̀nà. Ìró mi ya pátápátá lẹ́yìn. Aṣọ òjò bàbá náà ni mo so mọ́dìí dé parking lot.

Ó ti tó wákàtí mẹ́ta. Mo ti ń ronú bí màá ṣe rẹ Mùrí lẹ́kún. Bàbá rẹ kàn wò mí fìrí nídìí ẹran, ó ní, "Màmi, ẹ ti jí? A ò fẹ́ yọ yín lẹ́nu. Ẹran yín rèé." Wọ́n rò pé inú mọ́tò ni mo ti ń sùn. Khadijah, kò sẹ́ni tó wá mi. Kò sẹ́ni tó mọ̀ pé mo sọnù.

Ìwọ wá ń sọ pé, "Grandma, I have GPS." GPS á mọ ibi tó o wà. Èmi ńkọ́? Wá ẹni tí ẹ jọ máa lọ. Sọ òkè tó o fẹ́ gùn fún mi, kó o sọ aago tó o máa dé. Má yà kúrò lójú ọ̀nà. Tó o bá sì dé, má fi text ránṣẹ́ sí mi, wá síwájú mi kí n rí ẹ.

Tá a bá ti òkè dé nígbà yẹn, ìyá àgbà á máa fọwọ́ kan orí wa lọ́kọ̀ọ̀kan, láti mọ̀ pé a pé, kí wọ́n tó dáhùn ìkíni wa. Inú máa ń bí wa. Ní báyìí... ta ló ń fọwọ́ kan orí ẹnikẹ́ni mọ́?