Ibi Tí Igbe Ọdẹ Dé

Wọ́n ti dá ẹjọ́ ikú fún mi. Ẹ má káàánú mi o, ẹ fi àánú yín pamọ́ fún ẹni tó tọ́ sí. Nínú ẹ̀wọ̀n yìí, gbogbo ẹni tí ẹ bá bi ló máa ní wọ́n parọ́ mọ́ òun ni. Ojo lásán! Èmi pa ènìyàn, mo sì mọ ohun tí mò ń ṣe.

Ẹ̀bá Ìsọ́lọ̀-Ọ̀pin ni oko bàbá mi wà. Níbẹ̀, a kì í yìnbọn níbi tí igbe bá lè dé láti ilé tó kángun sígbó. Ọdọọdún ni àwọn ọdẹ ń wọ̀n ọ́n: ọ̀kan á dúró lẹ́yìn ilé náà, á ké, olóko á dúró lórí ilẹ̀ tirẹ̀, bó bá gbọ́, á dáhùn. Bó bá ti dáhùn, ìbọn ò gbọdọ̀ dún lóko yẹn mọ́.

Oko wa jìnnà sílé tẹ́lẹ̀. Àfìgbà tí ọmọ ìlú wa kan tó ń gbé Àbújá wá kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì sétí igbó. Kérésì nìkan ló ń wá, aláǹgbá ló ń gbébẹ̀. Torí ilé aláǹgbá ni kí n máa wo ọ̀yà bó ṣe ń jẹ ẹ̀gẹ́ mi?

Nígbà tí wọ́n ké lọ́dún náà, mo gbọ́ ọ ketekete. Mo panu mọ́. Olórí ọdẹ, tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n ìyá mi, bi mí bóyá mo gbọ́. Mo ní n ò gbọ́ nǹkan kan. Ó gbà mí gbọ́, mo sì ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ nínú mi pé àgbà yìí mà gọ̀ o.

Mo pa ọ̀yà, mo pa ọ̀bọ. Nígbà tó yá, bí n ò rẹ́ran, mo ń yìnbọn kí wọ́n lè gbọ́ pé mo wà lóko mi. Lẹ́yìn náà ni ìyá ará Àbújá tó kọ́lé náà kó wọ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ọmọ rẹ̀. Ọta mi fọ́ fèrèsé rẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ẹ̀gbọ́n ìyá mi fi àwọn ọdẹ yòókù sẹ́yìn ilé náà kí wọ́n máa ké, òun fúnra rẹ̀ sì wá sóko mi.

"Bàbá, ẹ má kọjá pèrègún yẹn. Ulẹ̀ bàbá mi ni."

"Bàbá rẹ ló ni ulẹ̀. Ṣé òun náà ló ni etí mi? Mo fẹ́ fi í gbọ́ fúnra mi."

"Bẹ́ ẹ bá kọjá, n óò yìn ín."

"Yìn ín ná."

Ó gbẹ́sẹ̀ kọjá pèrègún. Bó bá fi lè gbọ́ igbe yẹn, gbogbo ìlú ló máa mọ̀ pé òpùrọ́ ni mí. Ohun tí mo rò nìyẹn, n ò ro nǹkan mìíràn. Mo yìn ín.

Bó ṣe ṣubú ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ké láti ilé: "Bàbá, ṣé ẹ gbọ́ o?" Wọ́n ké, wọ́n tún ké. Èmi ni mo ń gbọ́.

Ní kóòtù, lọ́yà mi ń pariwo ẹ̀tọ́ onílẹ̀. Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí. Ta ló fẹ́ gba ilẹ̀ lọ́wọ́ mi?

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń fọ́nnu pé ilẹ̀ yín ni, ohun tó bá wù yín lẹ lè ṣe lórí rẹ̀, ilẹ̀ ní ààlà, ọta ò mọ ààlà. Bẹ́ ẹ bá parọ́, tí àṣírí fẹ́ tú, ẹ jẹ́ kó tú. Wọ́n á fi yín ṣẹ̀sín títí wọ́n á fi rí ẹlòmíràn. Ẹni tó bá ń pa á lówe pé ikú yá ju ẹ̀sín, kó wá bá mi sùn níbí lóru kan.

Ìyá mi ò wá wò mí rí. Ẹ̀gbọ́n kan ṣoṣo tó ní ni mo pa.