Ògiri Tó Ń Sun

Fadá ló ń bá mi kọ ọ̀rọ̀ yìí, torí ọwọ́ mi ti ń gbọ̀n, ẹ̀mí tó sì kù fún mi kò tó ti ẹni tó ń fi ọ̀rọ̀ falẹ̀. Ó kọ́kọ́ fẹ́ ti ilẹ̀kùn kó gbọ́ ìjẹ́wọ́ mi ní ìkọ̀kọ̀. Mo ní rárá. Bí mo bá jẹ́wọ́ fún un bẹ́ẹ̀, òfin kò ní jẹ́ kó lè sọ ọ́ síta láéláé, èyí tí mo sì fẹ́ sọ gbọ́dọ̀ wà lára ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì kó tó di ọjọ́ Àìkú, kí èrò tó kún abẹ́ òrùlé yẹn. Mo ní kí ìyàwó mi náà wá jókòó. Ọ̀rọ̀ yìí kàn án ju gbogbo yín lọ.

Gbogbo yín lẹ mọ ṣọ́ọ̀ṣì orí òkè wa. Ẹ mọ ìtàn bí àwọn bàbá wa ṣe tò láti etí odò dé òkè, tí wọ́n ń gba òkúta lọ́wọ́ ara wọn títí ògiri fi ga. Ẹ mọ fèrèsé aláwọ̀ búlúù tó ń tan ìmọ́lẹ̀ sí ẹsẹ̀ ère Màríà ní ìyálẹ̀ta, àti ilé agogo tó yẹ kó jẹ́ méjì tó wá ku ẹyọ kan. Èmi ni bíríkìlà tó kọ́ ilé agogo náà. Níbi tí òrùlé rẹ̀ ti pàdé òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì, Fadá àgbà tó ya àwòrán ilé náà ní kí n tẹ́ òjé, kí omi òjò lè máa gba orí rẹ̀ ṣàn lọ. Òjé wà nílẹ̀. Ṣùgbọ́n bíṣọ́ọ̀bù ń bọ̀ wá ya ilé sí mímọ́ lọ́jọ́ kejì, títẹ́ òjé á sì gbà tó ọjọ́ mẹ́ta. Mo ti fọ́nnu fún gbogbo ayé pé iṣẹ́ á parí. Mo bá fi sìmẹ́ńtì dí i, mo kùn ún lẹ́fun, mo sì ri òjé náà mọ́lẹ̀ lẹ́yìn ilé agogo. Ẹ wa ibẹ̀, ẹ ó bá a.

Òjò kejì ló tú mi fó. Mo wà lórí àkàbà nínú ṣọ́ọ̀ṣì nígbà tí mo rí omi tó ń jẹ jáde lẹ́yìn ère Màríà. Mo ké sí káfíńtà tó wà nísàlẹ̀ pé, "Ògiri yìí ń sun o." Àbúrò ìyàwó mi ni káfíńtà náà. Wọ̀n-ọ́n-Lẹ́ẹ̀mejì là ń pè é, torí kò gé igi kan rí láìwọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì. Ohun tí mo wí yé òun: lẹ́nu àwa oníṣẹ́, ògiri tí omi ń jẹ jáde lára rẹ̀ ló ń sun. Ṣùgbọ́n màmá tó ń gbálẹ̀ gbọ́ tirẹ̀. Ó ní, "Ó ń sunkún?" Ó gbójú sókè, ó rí omi tó ń ṣàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú ère, ìgbálẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó kúnlẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan péré ló yẹ kí n sọ: màmá, òjò ni. Mi ò sọ ọ́. Kí oòrùn tó wọ̀, ìdajì abúlé ti wà lórí ìkúnlẹ̀, ọdún yẹn náà sì ni àwọn arìnrìn-àjò mímọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í wá láti ọ̀nà jíjìn. Wọ́n ní bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò ráyè wọ ọ́. Èmi ni mo la ẹnu ògiri, èmi náà sì ni aláǹgbá.

Wọ́n sọ mí di olùtọ́jú ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ̀yin náà ń dọ̀bálẹ̀ kí mi. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, Wọ̀n-ọ́n-Lẹ́ẹ̀mejì wá bá mi nílé, ó ní omi yẹn ti ń jẹ orí igi ńlá tó gbé òrùlé, níbi tó ti wọnú ògiri. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, igi yẹn ń jẹrà. Ẹ jẹ́ ká sọ fún Fadá, kó tó pa èèyàn." Mo bẹ̀ ẹ́ títí. Ó ní òun fún mi láyè di ìparí àkókò òjò. Mi ò jẹ́ kó débẹ̀. Mo sáré ṣíwájú rẹ̀ lọ bá Fadá àgbà, mo ní káfíńtà náà ń fi omijé Màríà ṣe yẹ̀yẹ́, mo ní igi tútù ló fi kan òrùlé tó wá ń wá ẹni tó máa di ẹ̀bi rẹ̀ rù. Nígbà tó fi máa lanu, kò sẹ́ni tó gbà á gbọ́ mọ́. Wọ́n lé e kúrò nínú ìjọ, àwọn tí wọ́n jọ ń kọrin ò dá a lóhùn lójú ọ̀nà mọ́. Ìyàwó mi sunkún lórí ọ̀rọ̀ àbúrò rẹ̀, èmi ni mo sì ń pa á lẹ́kún. Àbí ẹ rí irú èèyàn tí mo jẹ́.

Èyí tó burú jù ló kù. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, mo wà nínú ilé agogo, mò ń fi epo pa agogo. Wọ̀n-ọ́n-Lẹ́ẹ̀mejì ti gba ìta gun òrùlé, mo rí i láti ojú fèrèsé pé ó gbé òjé lọ́wọ́, ó fẹ́ bá mi tún iṣẹ́ mi ṣe láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Òjò dé lójijì, afẹ́fẹ́ sì ti àkàbà rẹ̀ ṣubú. Ilẹ̀kùn kékeré kan wà láti ilé agogo sórí òrùlé, inú lọ́dọ̀ mi ni irin tí wọ́n fi ń tì í wà. Ó kan ilẹ̀kùn. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣílẹ̀kùn, ibí ń yọ̀." Ọwọ́ mi ti wà lórí irin náà. Mo rò ó pé bó bá sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú òjé yẹn, gbogbo ayé á mọ̀. Mo dúró. Ó tún kàn án. Ó ní, "Mo mọ̀ pé ẹ wà níbẹ̀. Mò ń gbóòórùn epo agogo." Ohùn rẹ̀ kò le sí mi, bó ṣe máa ń pè mí jẹun náà ló ṣe pè mí. Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo ti fi ń sọ fún ara mi pé mi ò tì í ṣubú láti orí òrùlé. Lóòótọ́, mi ò tì í. Mo kàn dúró títí kíkàn náà fi dákẹ́. Níbi ìsìnkú rẹ̀, mo là á mọ́lẹ̀ pé Màríà ló jù ú sílẹ̀, ẹ sì gbà mí gbọ́.

Níbi àjọ̀dún tó kọjá, nígbà tí ẹ gbé orin sókè, mo gbọ́ tí igi òrùlé yẹn ń dún lókè. Ẹ̀yin rò pé áńgẹ́lì ni. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tẹ́ ẹ̀ ń kọ́ iṣẹ́ bíríkìlà, ibi tí òrùlé méjì bá ti pàdé, ẹ má fi ẹfun bo ohun tẹ́ ò ṣe. Láàárọ̀ yìí ni ìyàwó mi fún mi ní omi ara ògiri náà mu, pé kí ara mi lè yá. Mo mu ún. Ìgò rẹ̀ ló wà lórí tábìlì yẹn. Ìyá àwọn ọmọ mi, omi òjò ni.

 Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ìyàwó mi bi mí: "Ẹ̀ẹ̀melòó ló kan ilẹ̀kùn?" Mo ní ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án. Ó dìde, ó mú kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀ṣì lára ìṣó, ó jáde. Fadá ní kí n sinmi, mo ní kó ṣì máa kọ ọ́. A ti ń gbọ́ agogo báyìí. Mo kà á. Ó dún lẹ́ẹ̀mẹsàn-án, ó sì dákẹ́.

Ẹ dárí jì mí bí ẹ bá lè ṣe é. Bí ẹ ò bá lè ṣe é, ẹ ṣáà má wọ abẹ́ òrùlé yẹn.