Ó Bi Mí Lórúkọ

Lọ́jọ́ tí ẹgbẹ́ obìnrin kan tó ti wà tipẹ́ ń yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru wò lọ́fẹ̀ẹ́ ní Sùúrùlérè, ìyá méjì ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ níwájú mi níbi tá a tò sí.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé kì í ṣe ọmọ yín ló ń kọ orúkọ nídìí tábìlì yẹn?"

"Òun ni. Ó bi mí lórúkọ."

"Ọmọ tẹ́ ẹ bí?"

"Lójú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ẹ̀. Ó wo agbọ̀n ẹja ọwọ́ mi, ó ní, 'Kí lorúkọ yín, Mà?'"

"Ẹ jẹ́ n lọ bá a."

"Má lọ. Orúkọ tiẹ̀ ni mo sọ fún un. Ó sì kọ ọ́ sílẹ̀."

Nígbà tí nọ́ọ̀sì pe orúkọ náà, obìnrin méjì ló dáhùn: ọ̀kan níwájú mi, ọ̀kan nídìí tábìlì.