Fóòmù Tó Wà Nínú Àpò Mi

Èmi ni mo ki fóòmù bọ ojú ọ̀nà afẹ́fẹ́ ọkọ̀ oníbàárà, tí mo sì yọ ọ́ pamọ́, títí ọ̀gá wa fi lé àbúrò tí mo fọwọ́ ara mi mú wọṣẹ́. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi gbé e mì. Ó tó gẹ́ẹ́. Mi ò mọ ọ̀rọ̀ dídùn ún kọ. Àwọn tó mọ̀ ọ́n kọ ló sábà máa ń fi bo nǹkan mọ́lẹ̀. Bó ṣe rí ni n óò ṣe sọ ọ́.

Títún éésì ọkọ̀ ṣe ni iṣẹ́ wa. Kò sẹ́ni tó kọ́ mi. Mo ń tú u, mo ń dè é, mo ń bà á jẹ́, títí ó fi yé mi. Nígbà tí àbúrò yìí dé, èmi ni mo sọ fún un pé bí éésì bá tutù àmọ́ tí afẹ́fẹ́ ò jáde dáadáa, kì í ṣe gáàsì lèèyàn ń kọ́kọ́ wá. Ṣí àpótí kékeré iwájú orúnkún èrò, fa fílítà yọ, wò ó bóyá eruku ti dí i. Bó bá mọ́, wo fáànù tó wà lẹ́yìn ẹ̀. Kò pé ọdún méjì tó fi kọjá mi. Ohun tí mo bá fi wákàtí kan wá, á tan tọ́ọ̀ṣì sí i lẹ́ẹ̀kan, á ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, òun nìyẹn." Àwọn oníbàárà sọ ọ́ ní Ojú Àwòdì. Èmi náà ń pè é ní Àwòdì, mo ń rẹ́rìn-ín, mo ń jowú.

Lọ́jọ́ kan, mo wà lábẹ́ ọkọ̀, mo gbọ́ tí ọ̀gá ń sọ fún ẹnì kan pé, "Bí mo bá fẹ̀yìn tì, Àwòdì ni n óò fa ibí yìí lé lọ́wọ́. Ẹ̀gbọ́n ẹ̀ lágbára, àmọ́ ojú ò jọra." Èmi tí mo ti wà níbẹ̀ kó tó mọ sípánà yàtọ̀ sí ṣíbí! Mo ní wọ́n ti dà mí. Irọ́ ni. Ẹnikẹ́ni ò dà mí. Èmi ni mo fẹ́ dalẹ̀, mo wá ń wá ẹni tí n óò kọ́kọ́ pè ní ọ̀dàlẹ̀.

Ọkọ̀ dókítà obìnrin kan ni mo lò. Àwòdì ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀ fílítà ẹ̀ ni, afẹ́fẹ́ ń tú jáde bí ìjì. Mo gé fóòmù dúdú lára àga ọkọ̀ àlòkù kan, mo fi dí ẹnu fáànù. Dírẹ́bà dókítà ká mi mọ́ ọn.

"Àǹtí, kí lẹ̀ ń ṣe yẹn?"

"Bí ọkọ̀ bá ń padà wá síbí, ṣé ìwọ kọ́ lo máa rí oorun sùn?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ dí i dáadáa, ó ti rẹ̀ mí."

Nígbà tó gbé e padà wá, mo rán Àwòdì lọ mú irinṣẹ́, mo yọ fóòmù kó tó dé. Ó ṣí i, ó mọ́. Ó tan éésì, ó ń fẹ́. Dírẹ́bà ní, "Kò kúkú fẹ́ lójú ọ̀nà." Kí wọ́n tó lọ, mo ti fi dí i padà. Ẹ̀ẹ̀kejì, bákan náà. Ọ̀gá fajú ro.

Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, dókítà fúnra ẹ̀ bá ọkọ̀ wá, mi ò sì tètè débẹ̀. Dírẹ́bà ń hanrun lórí bẹ́ǹṣì. Àwòdì ti ṣí i, ó tan tọ́ọ̀ṣì, ó pariwo: "Ẹ̀gbọ́n mi! Nǹkan dúdú kan ló dí i! Ẹ má fọwọ́ kàn án o, kí ọ̀gá wá fojú ara wọn rí i." Ó sáré lọ bí ọmọ kékeré. Mo nawọ́, mo fà á yọ, mo jù ú sápò.

Ọ̀gá dé, dókítà tẹ̀ lé wọn. Ọ̀gá bẹ̀rẹ̀, wọ́n wò ó títí. "Níbo ló wà?"

Àwòdì wò, ó tún wò. "Ọ̀gá, mo rí i. Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀yin náà wà níbí, ẹ bá mi sọ fún wọn."

Fóòmù ń gbóná mọ́ mi nítan. Mo ní, "Àbúrò, mi ò rí nǹkan kan o. Ó ti rẹ̀ ẹ́ jù."

Ọ̀gá ní kó kó ẹrù ẹ̀. Kò sunkún. Ó kàn ń nu ojú, bí ẹni tí eruku kó sí i lójú. Lẹ́nu géètì, ó dì mọ́ mi: "Ẹ ṣeun, Ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ̀yin nìkan lẹ ò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́."

Nígbà tí ọ̀gá fẹ̀yìn tì, èmi ni mo gba ibi iṣẹ́. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí ẹnì kan bá mọ̀ ọ́n ju yín lọ, ẹ kọ́ ọ lọ́wọ́ ẹ̀. Bí ẹ ò bá lè kọ́ ọ, ẹ jowú ẹ̀ nínú ilé yín, kó mọ síbẹ̀. Àwòdì ni n óò kọ́kọ́ fún ní ìwé yìí kà. Mo bẹ̀ ẹ́, àmọ́ mi ò ní sọ pé ó gbọ́dọ̀ dárí jì mí.

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ló gbé ọkọ̀ tiẹ̀ wá, àwọn ọmọ ẹ̀ méjì lẹ́yìn, òógùn bò wọ́n. Ó ní ó ti tó oṣù mẹ́ta tí afẹ́fẹ́ ò ti jáde. Mo fa fílítà: eruku àti ewé gbígbẹ ti dí i pa. Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lánàá á rí i.

Mo ní, "Àwòdì, ṣé o ò ṣí i wò ni?"

"Mo ṣí i, Ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo ṣí i. Ó jọ pé ó dọ̀tí lójú tèmi, àmọ́ mo ní kí n kọ́kọ́ wá bi yín."